Kì í Ṣe Àfẹ́ẹ̀rí: Ọ̀rọ̀ Lórí Bàálù Ogun Tí Rádà Kì í Tètè Rí

Ọ̀rọ̀ àsọyé tí mo sọ fún rẹ́gbẹ́rẹ́gbẹ́ wa, ìyẹn ẹgbẹ́ àwa tá a jọ jẹ́ ojúgbà, àtàwọn akẹ́kọ̀ọ́ girama ní Ìjẹ̀bú-Òde, lẹ́yìn Ojúde Ọba. Mo tún un kọ sílẹ̀ nítorí àwọn tí kò ráyè wá.

Ẹ̀yin bàbá wa, ẹ̀yin ìyá wa, ẹ̀yin ọmọ Ìjẹ̀bú, ọmọ alárè, ọmọ Awùjalẹ̀, ọmọ arójòjoyè, ẹ kú ìkàlẹ̀ o. Ẹ̀yin ọmọ iléèwé tẹ́ ẹ kó sẹ́yìn, ẹ bọ́ síwájú, àga ṣì pọ̀ níbí. Alága ti sọ ọ́ sí mi létí pé ìkókoré ti délẹ̀, mo sì mọ̀ pé ẹni tó bá sọ̀rọ̀ kọjá ìgbà tí ìkókoré délẹ̀, ara rẹ̀ nìkan ló ń sọ ọ́ fún.

Àríyànjiyàn kan ní ìpàdé wa ló bí ọ̀rọ̀ òní. Ẹ̀gbọ́n wa kan, tí mi ò ní dárúkọ nítorí pé iwájú níbẹ̀ yẹn ni wọ́n jókòó sí, sọ pé àwọn bàálù ogun Amẹ́ríkà tí wọ́n ní a kì í rí, àfẹ́ẹ̀rí ni wọ́n fi ń ṣe é. Wọ́n ní ọ̀dọ̀ àwọn baba wa ni Òyìnbó ti jí i, wọ́n kàn wá fi ẹ́ńjìnnì sí i. Gbogbo ilé bú sẹ́rìn-ín, ṣùgbọ́n mo rí i pé ìdajì àwọn tó ń rẹ́rìn-ín ló gbà á gbọ́. Èmi tí mo fi físíìsì jẹun títí mo fi fẹ̀yìntì, mi ò lè jẹ́ kí ìyẹn kọjá bẹ́ẹ̀.

Mi ò wá bá ẹnikẹ́ni jà lórí àfẹ́ẹ̀rí o. Ẹni tó bá ní in, kó máa lò ó, kó ṣáà má fi wọ báńkì. Ohun tí mò ń sọ ni pé bàálù wọ̀nyí kì í pòórá. Bí ọ̀kan nínú wọn bá fò kọjá lórí ọjà Òkè-Ajé ní ọ̀sán gangan, gbogbo ẹni tó ń nájà ló máa rí i, ariwo rẹ̀ á sì jí gbogbo ọmọ tó ń sùn lẹ́yìn ìyá rẹ̀. F-117, tó jẹ́ àkọ́kọ́ irú rẹ̀ tó jagun, dúdú kirikiri ni wọ́n kùn ún, òru ni wọ́n sì máa ń fi jagun, nítorí pé wọ́n mọ̀ dáadáa pé ojú lásán lè rí i. Rádà ni wọ́n ń sá fún.

Ẹ̀rọ tó ń ju ìgbì rédíò sí òfurufú ni rádà. Bí ìgbì náà bá kan nǹkan, díẹ̀ nínú rẹ̀ á ta padà sọ́dọ̀ ẹni tó jù ú. Ẹ̀rọ á wo bó ṣe pẹ́ tó kó tó dé, á sì fi ìyẹn mọ bí nǹkan ọ̀hún ṣe jìnnà tó. Ìgbì rédíò ń sáré tó 300,000 kìlómítà ní ìṣẹ́jú àáyá kan, nítorí náà ìdáhùn kì í pẹ́. Lọ́dún 1935 ni Robert Watson-Watt àti Arnold Wilkins fi han ìjọba Gẹ̀ẹ́sì, nítòsí Daventry, pé ìgbì rédíò lè táṣìírí bàálù tó ń kọjá lọ. Nígbà tí bàálù Jámánì wá ń rọ́ lọ sí ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì lọ́dún 1940, òpó rádà ti tò sí etíkun wọn, wọ́n ti ń rí ọ̀tá kó tó la òkun kọjá. Ogun àgbọ́tẹ́lẹ̀ kì í pa arọ tó bá gbọ́n. Rádà ni àgbọ́tẹ́lẹ̀ ogun òfurufú. Àgbọ́tẹ́lẹ̀ yẹn gan-an ni bàálù tí mò ń sọ yìí wá gbà lọ́wọ́ ọ̀tá, kò gba ojú rẹ̀.

Níbí yìí mo ní kí wọ́n bá mi pa iná gbọ̀ngàn. Ẹnì kan kígbe láti ẹ̀yìn pé kí n má ṣe wàhálà, NEPA máa tó bá mi pa á. Ọmọbìnrin kan láti SS2 jáde wá, ó bá mi di dígí kan mú, èmi sì dúró ní òdìkejì gbọ̀ngàn pẹ̀lú tọ́ọ̀ṣì. Nígbà tó kọjú dígí sí mi tààrà, iná náà ta padà mọ́ mi lójú débi pé mo ní láti dijú. Mo ní kó yí dígí náà sẹ́gbẹ̀ẹ́ díẹ̀. Iná kúrò lójú mi, ó lọ bà sára ògiri lápá ibi tí àwọn ìyá wa jókòó sí. Dígí náà ò kéré sí i, tọ́ọ̀ṣì náà ò sì kú. Ibi tí iná ń ta lọ nìkan ló yí padà. Lẹ́yìn náà ni ìyá kan yá wa ní ìborùn dúdú, a fi bo dígí náà. Bó ti wù kí ó kọjú sí mi tó báyìí, nǹkan tó ń padà bọ̀ kéré débi pé mo ní láti béèrè bóyá ó ṣì dúró síbẹ̀. Ohun méjì tí ọmọ yẹn ṣe, yíyí dígí àti bíbò ó, òun ni gbòǹgbò iṣẹ́ náà. Èyí tó kù, owó àti ìyà ni.

Ìrísí ló ṣe pàtàkì jù. Bàálù ogun àtijọ́ ní ikùn roboto, ìrù tó dúró gbọnrangandan lórí ìyẹ́, àti àdó olóró tí wọ́n so rọ̀ sábẹ́ rẹ̀. Ibi tí ìrù ti pàdé ìyẹ́ ní igun gígún, ìgbì tó bá wọ ibẹ̀ á padà sí ibi tó ti wá gan-an. Nítorí náà ni bàálù tuntun ṣe fi ìrù rẹ̀ dà sẹ́gbẹ̀ẹ́. Etí ìyẹ́ àti etí ìrù kọjú sí ọ̀nà kan náà, kí ìgbì tó bá ta lára wọn lè kó lọ sí ìhà díẹ̀ péré, níbi tí rádà ọ̀tá kò sí. Ẹ wo etí ilẹ̀kùn abẹ́ rẹ̀ nínú àwòrán, ẹ máa rí i pé ó rí ṣágiṣàgi bí eyín ayùn. Kì í ṣe ẹwà ni wọ́n ń wá. Abẹ ẹ́ńjìnnì tó ń yí níwájú máa ń ta ìgbì padà gan-an, nítorí náà wọ́n tẹ ihò tí afẹ́fẹ́ ń gbà wọlé kọ́rọkọ̀rọ kí rádà má lè wo inú rẹ̀ kan ẹ́ńjìnnì. Ohun ìjà wà nínú ikùn, ilẹ̀kùn a ṣí fún ìṣẹ́jú àáyá díẹ̀, a jù ú, a tì í. Wọ́n tún fi nǹkan tín-ín-rín kan kun gíláàsì iwájú awakọ̀, nítorí orí èèyàn àti àga rẹ̀ náà ń ta ìgbì padà.

Awọ ara rẹ̀ ló tẹ̀ lé e. Ọ̀dà tí wọ́n fi kùn ún ní èròjà tó ń mu ìgbì, tó ń sọ ọ́ di ooru díẹ̀. Ọ̀dà yìí ni ìyọnu. Bí mẹkáníìkì bá ṣí ibì kan láti tún nǹkan ṣe, ó ní láti tún ojú ibẹ̀ dí, kó sì kùn ún kó dán. Nígbà tí wọ́n ń dán àkọ́kọ́ wọn wò ní Amẹ́ríkà, ọjọ́ kan wà tí rádà ṣàdédé ń rí bàálù náà láti ọ̀nà jíjìn. Wọ́n wá ìdí rẹ̀ títí, wọ́n bá a pé ìdè mẹ́ta, ìyẹn síkúrù, ni wọn ò fún dáadáa, tí orí wọn yọ síta díẹ̀. Ẹ̀yin mẹkáníìkì wa ní Ìmọ̀wò tẹ́ ẹ máa ń ní nọ́ọ̀tì kan ṣẹ́ kù tí mọ́tò sì ń lọ, iṣẹ́ yẹn kò ní bá yín lára mu o.

Ẹ jẹ́ ká ṣe ìṣirò díẹ̀, Ìjẹ̀bú ò kúkú bẹ̀rù ìṣirò. Ká ní a gbé rádà kan sí Ìjẹ̀bú-Òde níbí, tó lágbára láti rí bàálù ogun lásán tó ń fò lókè fíofío láti 400 kìlómítà. Bí bàálù ọ̀tá bá ṣì wà lórí Enugu, a ti rí i. Bó bá ń sáré 900 kìlómítà ní wákàtí kan, ìyẹn 15 kìlómítà ní ìṣẹ́jú kan, á lò tó ìṣẹ́jú 26 kó tó dé orí wa. Kó tó dé, a ti jí awakọ̀ òfurufú, a ti gbé bàálù tiwa dìde, ẹni tó fẹ́ sá ti ń sún mọ́ Ìjẹ̀bú-Igbó, ẹni tó fẹ́ gbàdúrà ti ṣe àmín.

Wàyí o, ká ní ọ̀tá tún bàálù rẹ̀ ṣe débi pé ìgbì tó ń ta padà lára rẹ̀ dín kù sí ìdá kan nínú 16. Ẹ máa rò pé ibi tá a ti ń rí i náà á dín kù sí ìdá kan nínú 16. Rárá o. Ìdajì péré ló máa dín kù: 200 kìlómítà, ká sọ pé Benin tàbí Ìlọrin. Ìdí ni pé ìgbì náà ń fọ́n ká bó ṣe ń lọ, ó sì tún ń fọ́n ká bó ṣe ń bọ̀, nítorí náà bí nǹkan bá sún mọ́ rádà díẹ̀, ohun tó ń padà dé ọ̀dọ̀ rádà á lé sí i gidigidi. Kí ibi tá a ti ń rí bàálù náà tó dín kù sí ìdá kan nínú 10, ìgbì tó ń ta padà gbọ́dọ̀ dín kù sí ìdá kan nínú 10,000. Ẹ̀yin ọmọ iléèwé, ẹ kọ ọ́ sílẹ̀: 10 lọ́nà 10, lọ́nà 10, lọ́nà 10. Ibẹ̀ ni gbogbo agbára náà wà, ibẹ̀ náà ni owó ń wọlé sí. Bó bá ti wá ṣeé ṣe, 40 kìlómítà ni rádà wa máa tó rí i. Bàálù tó bá gba ọ̀nà Èkó wọlé á ti fẹ́rẹ̀ẹ́ dé Ṣágámù. Ìṣẹ́jú mẹ́ta ò pé mọ́.

Kò tán síbẹ̀. Bí a bá gbé rádà sí Ìjẹ̀bú-Òde, ká tún gbé òmíràn sí Ìlọrin, òmíràn sí Benin, àyíká tí wọ́n ń ṣọ́ á wọnú ara wọn, kò ní sí ibi tí ọ̀tá lè gbà. Ṣùgbọ́n bí ojú gbogbo wọn bá kúrú di 40 kìlómítà, àlàfo ńláńlá á ṣí sílẹ̀ láàárín wọn. Ẹni tó bá ti mọ ibi tí rádà kọ̀ọ̀kan wà á fi kọ̀ǹpútà ya ọ̀nà rẹ̀ gba àárín àlàfo náà kọjá. Nítorí náà, kí bàálù náà tó gbéra ni iṣẹ́ ti bẹ̀rẹ̀, lórí tábìlì àwọn tó ń yàwòrán ọ̀nà.

Ta ló wá ronú kan ìṣirò tó wà nídìí gbogbo èyí? Ọmọ Sófíẹ́ẹ̀tì kan ni, Pyotr Ufimtsev. Lọ́dún 1962 ló tẹ ìwé kan jáde ní Moscow nípa bí ìgbì ṣe ń ta lára etí nǹkan. Ìjọba rẹ̀ wò ó, wọ́n rí i pé kò wúlò fún ogun, wọ́n ní kó máa tẹ̀ ẹ́ kiri. Àwọn ọmọ ogun òfurufú Amẹ́ríkà ní kí wọ́n túmọ̀ rẹ̀ lọ́dún 1971. Ọ̀gbẹ́ni kan tó gbọ́ ìṣirò, Denys Overholser, tó ń ṣiṣẹ́ ní Lockheed, iléeṣẹ́ Amẹ́ríkà tó kọ́ F-117, wá rí i nínú ìwé tó ṣòro kà yìí pé èèyàn lè jókòó, kó ṣírò iye ìgbì tó máa ta padà lára bàálù kan kí wọ́n tó kan ìṣó kan mọ́ ọn. Kọ̀ǹpútà ìgbà náà kò lè ṣírò ohun tó tẹ̀ kọ́rọ́bọ́tọ́, pẹrẹsẹ nìkan ló mọ̀. Ìdí nìyẹn tí F-117 fi rí pẹrẹsẹ pẹrẹsẹ, onígun níhìn-ín onígun lọ́hùn-ún, tí kò jọ ohun tó yẹ kó fò rárá. Láìsí kọ̀ǹpútà tó ń tún un ṣe lọ́wọ́ lọ́wọ́, kò sí awakọ̀ tó lè dá a dúró lófurufú.

Nígbà tí wọ́n gbé àwòṣe rẹ̀ sórí òpó láti fi rádà wò ó, Ben Rich, ọ̀gá ibẹ̀, wà níbẹ̀. Ẹni tó ń wo rádà sọ fún un pé kó jọ̀ọ́ kó wo òpó náà, bóyá àwòṣe ti já bọ́, òun ò rí nǹkan kan. Rich wò ó, àwòṣe wà níbẹ̀. Kò pẹ́, ẹni yẹn ní òun ti rí i wàyí. Rich tún wo òkè: ẹyẹ dúdú kan ló ṣẹ̀ṣẹ̀ bà lé e lórí. Ẹyẹ ni rádà rí. Mo fẹ́ràn ìtàn yìí ju gbogbo ìtàn ogun lọ, nítorí pé ìṣirò orí ìwé ló ṣẹ lójú ẹni bẹ́ẹ̀.

F-117 kọ́kọ́ fò ní June 1981, wọ́n sì fi pamọ́ fún aráyé títí di November 1988. Lóru tí ogun Gulf, tí Amẹ́ríkà bá Iráàkì jà, bẹ̀rẹ̀ ní January 1991, ó wọ Baghdad. Àwọn ọmọ ogun Iráàkì ní ìbọn, wọ́n ní mísáìlì, wọ́n ń yìn ín sókè bí ẹni ń fọ́n àgbàdo dànù, wọn ò mọ ibi tí wọ́n ń yìn ín sí. F-117 kankan ò já nínú ogun náà. Nígbà tí mo kà á, Ìmágbọn ló wá sí mi lọ́kàn. Ní May 1892, àwọn baba wa pọ̀ ju ọmọ ogun Gẹ̀ẹ́sì lọ, ìbọn wà lọ́wọ́ wọn, wọn ò sì ṣojo. Maxim, ìbọn tó ń yìn léraléra láì dúró, ló wà lọ́wọ́ Gẹ̀ẹ́sì. Bí ohun ìjà kan bá wà lọ́wọ́ ẹnì kan, tí ẹnì kejì kò mọ bó ṣe ń ṣiṣẹ́, ìgboyà ò tó nǹkan tó lè dí àlàfo náà. Ẹni tó bá fẹ́ bá mi jiyàn lórí èyí, a jọ máa jẹun.

Ṣùgbọ́n Sẹ́bíà fi hàn pé kò sí àfẹ́ẹ̀rí níbẹ̀. Lálẹ́ March 27, 1999, nígbà tí bàálù Amẹ́ríkà ń ju àdó olóró sí Sẹ́bíà, àwọn ọmọ ogun ibẹ̀ tí Zoltán Dani jẹ́ ọ̀gá wọn já F-117 kan lulẹ̀ nítòsí abúlé Budjanovci. Mísáìlì S-125 ni wọ́n lò, ohun tí Sófíẹ́ẹ̀tì ti ń lò láti nǹkan bí ọdún 1961. Báwo ni wọ́n ṣe rí i? Àwọn Amẹ́ríkà ń gba ọ̀nà kan náà lálaalẹ́, bí ẹni tó ń lọ síbi iṣẹ́. Dani tún ní rádà àtijọ́ kan tí ìgbì rẹ̀ gùn tó mítà méjì. Gbogbo ọgbọ́n ìrísí àti ọ̀dà tí mo sọ, rádà onígbì kúkúrú ni wọ́n fi ń bá jà jù. Bí ìgbì bá gùn tó ìyẹ́ tàbí ìrù bàálù, ọgbọ́n náà ń rẹ̀. Rádà bẹ́ẹ̀ ò lè sọ ibi tí bàálù wà ní pàtó tó láti darí mísáìlì, ṣùgbọ́n ó lè sọ pé ẹnì kan ń bọ̀ lápá ibí yìí. Dani dúró títí bàálù fi sún mọ́ ọn gan-an, ó tan rádà kejì fún ìṣẹ́jú àáyá díẹ̀, ó yìn ín. Awakọ̀ náà, Dale Zelko, fi páráṣúùtù bọ́, àwọn èèyàn rẹ̀ sì wá gbé e lóru ọjọ́ yẹn. Àwọn ará Sẹ́bíà wá kọ ọ́ sára pátákó pé: ẹ má bínú o, a ò mọ̀ pé kò yẹ ká rí i. Lẹ́yìn ọ̀pọ̀ ọdún, Dani àti Zelko pàdé, wọ́n di ọ̀rẹ́. Dani ti ń ṣe búrẹ́dì nígbà náà.

Àwọn tó dé lẹ́yìn F-117 ti kọ́gbọ́n. F-22, tó wọṣẹ́ lọ́dún 2005, kì í fara pamọ́ nìkan, ó tún ń sáré. Ẹ́ńjìnnì méjì ló ní, ó sì lè sáré tó ìlọ́po ìyára ìró kan àti ààbọ̀ láì da epo sí ẹ̀yìn iná ẹ́ńjìnnì, ohun tí ọ̀pọ̀ bàálù ogun míì kì í lè ṣe. Ihò èéfín rẹ̀ ń yí sókè yí sílẹ̀, ó fi ń ta kíti lófurufú. Lọ́dún 2013, Mark Welsh, tó jẹ́ ọ̀gá pátápátá ọmọ ogun òfurufú Amẹ́ríkà nígbà náà, sọ ìtàn kan ní gbangba. Ó ní bàálù ogun Iran kan ń lépa dúróònù Amẹ́ríkà, ìyẹn bàálù tí kò ní awakọ̀ nínú. Awakọ̀ F-22 kan rọra fò lọ sábẹ́ bàálù Iran náà, ó wo ohun ìjà tó so rọ̀ sábẹ́ rẹ̀, ó wá yọ sí i lẹ́gbẹ̀ẹ́, ó bá a sọ̀rọ̀ lórí rédíò pé kó máa lọ sílé. Ó sì lọ. Síbẹ̀, 187 F-22 tí wọ́n kọ́ fún iṣẹ́ ogun, ohun àkọ́kọ́ tí ọ̀kan nínú wọn já lulẹ̀ lófurufú, ní February 2023, bálúùnù Ṣáínà kan ni. Afẹ́fẹ́ inú àpò.

F-35 ni ti òde òní, wọ́n ti kọ́ ju 1,000 lọ. Kì í sáré tó F-22: ìlọ́po ìyára ìró kan àti díẹ̀ lé ní ààbọ̀ ni òpin rẹ̀. Bí ẹ bá gbọ́ táwọn èèyàn ń bú u, eré sísá yẹn ni wọ́n sábà máa ń kọ́kọ́ mú. Èmi ò rò pé eré ni ká fi wọ̀n ọ́n. Ojú ni agbára rẹ̀. Kámẹ́rà mẹ́fà ló yí i ká, rádà rẹ̀ ń wá iwájú, ẹ̀rọ míì ń tẹ́tí sí rádà ọ̀tá láì sọ̀rọ̀. Kọ̀ǹpútà á kó gbogbo rẹ̀ pọ̀ di àwòrán kan, á sì fi hàn nínú akoto awakọ̀. Bí awakọ̀ bá wolẹ̀, kì í ṣe ẹsẹ̀ ara rẹ̀ ló máa rí, ilẹ̀ tó wà nísàlẹ̀ bàálù ló máa rí. Akoto yẹn nìkan tó 400,000 dọ́là. Ó lè rí ọ̀tá kí ọ̀tá tó rí i, kó fi ohun tó rí ránṣẹ́ sí ẹlòmíì, kí ẹlòmíì yẹn yìnbọn láti ibi tí ọ̀tá ò fọkàn sí. Èyí tí wọ́n ń pè ní F-35B tún lè dúró lófurufú, kó sọ̀ kalẹ̀ gbọnrangandan sórí ọkọ̀ ojú omi. Bí ẹ bá gbọ́ ariwo rẹ̀, ẹ máa mọ̀ pé ọ̀rọ̀ ìfarapamọ́ ti kúrò níbẹ̀.

Ìfarapamọ́ ní ìfìyàjẹ tiẹ̀. Ẹni tó sá pamọ́ kì í pariwo, nítorí náà awakọ̀ ò lè máa tan rádà rẹ̀ bó ṣe wù ú, bẹ́ẹ̀ ni kò lè máa sọ̀rọ̀ lórí rédíò lásán. Ikùn rẹ̀ ò gba ohun ìjà púpọ̀. Ooru ẹ́ńjìnnì ṣì ń jáde, ẹ̀rọ tó ń wá ooru sì ń já fáfá sí i lọ́dọọdún. Lákòókò àlàáfíà, wọ́n tún máa ń so nǹkan kékeré kan mọ́ ara bàálù náà kí rádà lè máa rí i, kí bàálù èrò má baà kọlù ú, kí ọ̀tá tó ń ṣọ́ wọn má sì lè mọ bó ṣe kéré tó lójú rádà gan-an.

Ti Ṣáínà àti Rọ́ṣíà, mi ò ní pẹ́ níbẹ̀. Su-57 ti Rọ́ṣíà kọ́kọ́ fò ní January 2010, J-20 ti Ṣáínà ní January 2011. Èyí tí Ṣáínà ń ṣe ń pọ̀ sí i, ti Rọ́ṣíà kò pọ̀. Tọ́kì náà gbé KAAN tirẹ̀ fò ní February 2024, lẹ́yìn tí Amẹ́ríkà ti yọ wọ́n kúrò nínú ètò F-35 lọ́dún 2019 nítorí pé wọ́n ra mísáìlì S-400 lọ́wọ́ Rọ́ṣíà. Ìbẹ̀rù Amẹ́ríkà ni pé rádà S-400 á máa wo F-35 lójoojúmọ́ títí á fi mọ̀ ọ́n dunjú.

Mo mọ̀ pé Ìjẹ̀bú ni mò ń bá sọ̀rọ̀, ó yà mí lẹ́nu pé ẹ ò tíì béèrè iye rẹ̀. F-35A kan tó nǹkan bí 80 mílíọ̀nù dọ́là. Àjọ tó ń yẹ ìwé owó ìjọba Amẹ́ríkà wò sọ pé ríra àti títọ́jú gbogbo F-35 wọn títí dópin á lé ní tírílíọ̀nù méjì dọ́là. Àjọ yìí kan náà sọ lọ́dún 2023 pé nǹkan bí ìdá 55 nínú ọgọ́rùn-ún péré ló wà ní ipò tó lè jáde lọ ṣiṣẹ́. Èyí tó kù ń dúró de ohun èlò tàbí mẹkáníìkì.

Nígbà tó di àkókò ìbéèrè, ọmọkùnrin kan béèrè bóyá òótọ́ ni pé Amẹ́ríkà ń wá bàálù wọn kiri tí wọ́n ń bẹ ará ìlú pé ẹni tó bá rí i kó pè wọ́n. Òótọ́ ni. September 17, 2023, ní South Carolina. Awakọ̀ F-35B kan bọ́ sílẹ̀ pẹ̀lú páráṣúùtù, bàálù náà sì ń dá nìkan fò lọ fún bí ìṣẹ́jú 11 kó tó já sínú igbó. Wọ́n gbé nọ́ńbà fóònù síta fún ẹni tó bá rí i. Ọjọ́ kejì ni wọ́n rí àfọ́kù rẹ̀. Gbọ̀ngàn rẹ́rìn-ín títí, ẹ̀gbọ́n wa tó dá ọ̀rọ̀ àfẹ́ẹ̀rí sílẹ̀ sì dìde, wọ́n ní ṣé òun ò sọ ọ́ ni. Mo jẹ́ kí wọ́n gbádùn rẹ̀.

Ìyá kan tó ń ta aṣọ ló béèrè èyí tó kẹ́yìn. Wọ́n ní pápákọ̀ òfurufú ti wà láàárín Ìpẹru àti Ìlíṣàn báyìí, kí ló dé tí Nàìjíríà ò ra irú bàálù yìí kó wá sí ibẹ̀, kí àwọn ajínigbé lè sinmi? Ìbéèrè gidi nìyẹn. Mo ní: Mọ́mì, ta ló ní rádà nínú àwọn ajínigbé? Gbogbo ohun tí mo sọ láti àárọ̀, yíyí ìrísí, ọ̀dà, ìdè tí kò gbọ́dọ̀ yọrí, nítorí rádà ni. Ní July 2021, bàálù Alpha Jet ọmọ ogun òfurufú wa kan já lápá Zamfara. Ìbọn ni àwọn agbébọn yìn láti ilẹ̀, ojú lásán ni wọ́n sì fi rí i. Awakọ̀ rẹ̀ bọ́, ó rìn lóru títí ó fi padà sọ́dọ̀ àwọn èèyàn rẹ̀. F-35 tó bá fò síbi tí bàálù yẹn fò sí, ọta náà á bà á bákan náà. Lọ́dún yẹn kan náà ni Super Tucano 12 tí a rà lọ́wọ́ Amẹ́ríkà dé, bàálù onífáànù ni, kò sáré, kò sì fara pamọ́ fún rádà kankan, ṣùgbọ́n ó lè pẹ́ lórí ibì kan, kámẹ́rà rẹ̀ sì ń wo ilẹ̀ láti ibi tó ga ju èyí tí ìbọn ọwọ́ lè dé. Dúróònù ń ṣe irú iṣẹ́ yẹn náà, kò sì sí awakọ̀ nínú rẹ̀ tí ẹnikẹ́ni máa jí gbé. Mọ́mì ní ó dáa, ṣùgbọ́n wọ́n ṣì fẹ́ mọ iye tí dúróònù jẹ́.